Àlàájì Ló Wà Níwájú Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan wà nínú ayé mi tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n óò fi kú. Ìyípo mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n fi ọkọ̀ yí lọ́jọ́ náà, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú báyìí, mo lè ka gbogbo dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà fún yín. Mẹ́rìndínlógójì ni. Mo ti kà wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn: mo máa ń ka nǹkan. Bí kíka nǹkan bá ń sọ ènìyàn di awakọ̀ eré ni, èmi ni ì bá gba ife ẹ̀yẹ ayé.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó tó ọdún kan tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Akọ̀wé ni mí ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà ní Ìdúmàgbò. Àlàájì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gidi, inú agbo ilé tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí lòun náà ń gbé. Èmi, Ìjẹ̀bú ni mí, mo háyà yàrá kan ní Lafiaji. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ni Délé, ará Iléṣà, tó ń fi fáànù, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ti ṣọ́ọ̀bù, gbé ọjà lọ fún àwọn oníbàárà. Délé kò mọ̀ ju kí ó tẹ iná, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó sì máa fun fèrè. Èmi ni mo mọ ìwé ọkọ̀.

Níbo ni mo ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé ìròyìn lẹ́bàá ibùdókọ̀ ní CMS. Bí òyìnbó kan bá ń padà sílùú rẹ̀, ìwé rẹ̀ á di títà, ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ìròyìn mẹ́tàlélógún nípa eré ọkọ̀, tí mo kà títí èèpo wọn fi ya. Inú wọn ni mo ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi eré ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ oòjọ́, ènìyàn lásán ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀. O ó kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré ọkọ̀. Wọn ó dán ọ wò. Bí o bá yege, wọn ó fi ọ́ sínú ọkọ̀ wọn, wọn ó sì máa san owó oṣù fún ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ta ló sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ka táyà ní Ìdúmàgbò kò lè ṣe é?

Mo ti gba ìwé ìwakọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ọkọ̀, nítorí náà inú yàrá mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Mo jókòó sórí àpótí kúkúrú, mo di ọmọrí ìkòkò ìyá onílé mi mú bíi sitiárìn, mo to bíríkì mẹ́ta síwájú ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan fún kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún bíréèkì, ọ̀kan fún tọ́tù tí à ń tẹ̀ fún iná. Awakọ̀ eré gidi, bó bá fẹ́ wọ kọ́nà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí bíréèkì, gìgísẹ̀ rẹ̀ á sì máa kan tọ́tù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ́ńjìnnì má baà sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ìyẹn nìkan. Ẹnu mi ni mo fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohùn jíà kìíní yàtọ̀ sí ti ìkẹta, mi ò sì fi ọ̀kan ṣe èkejì rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lórí ìkẹrin nígbà tí ìyá onílé, Ìyá Sìkírá, ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Akọ̀wé, ta lò ń bá jà níbí?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mà. Mò ń wakọ̀ ni."

Ó wo yàrá yíká, ó wo abẹ́ ibùsùn. "Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

Mo gbé ọmọrí ìkòkò sókè díẹ̀.

"Háà! Ọmọrí ìkòkò mi! Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fi abọ́ bo ọbẹ̀, tí eéru ń kó sí i! Gbé e fún mi jàre. Lọ máa fi orí ara rẹ wakọ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Bí mo bá ń jáde, wọn á ní, "Dírẹ́bà, ó ku ẹnìkan, kí ọkọ̀ kún!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi tún sọ pé ọrùn awakọ̀ eré gbọ́dọ̀ le, nítorí bí ọkọ̀ bá ń wọ kọ́nà, orí a máa fẹ́ já dànù. Mo bá tọrọ táyà kan tó ti jẹ tán ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi kọ́ ọrùn, mo sì ń fi í sáré láràárọ̀ láti Lafiaji dé Ìdúmàgbò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo sá a láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí n tó rántí pé mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Mo yí padà, mo tún ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọkùnrin kan ń sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù táyà lówùúrọ̀, táyà wà lọ́rùn rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń to òwú sórí àtẹ ló kọ́kọ́ figbe ta. "Ẹ gbà wá o! Ó ti jí táyà Àlàájì!"

Ó yẹ kí n dúró kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ìwé mi sọ pé èèyàn kì í dá eré rẹ̀ dúró lágbede méjì, iṣan á ká. Mo bá fi kún un. Ìgbà tí mo fi kún un ni gbogbo Ìdúmàgbò dìde tẹ̀ lé mi. Wọ́n mú mi, wọ́n gbá mi létí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi táyà náà fà mí bí ewúrẹ́ padà sọ́dọ̀ Àlàájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àlàájì wí. "Akọ̀wé mi ni. Akọ̀wé, táyà yìí ti jẹ dé wáyà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú táyà lọ́rùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ilẹ̀: ìwé mẹ́tàlélógún, ọrùn, gìgísẹ̀ orí tọ́tù. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún fìlà náà dé.

"Wàláhì, ìwọ lo wà nídìí ìwé táyà mi láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀." Ó wá sọ fún mi pé òun wà nínú ẹgbẹ́ kan tí àwọn òyìnbó àti àwọn olówó Èkó kan jọ ń sáré ọkọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ eré tuntun, wọ́n sì ń wá awakọ̀ kan ṣoṣo tí wọn yóò gbà síṣẹ́, tí yóò máa fi í sáré fún wọn nílé àti lẹ́yìn odi. "N óò fi orúkọ rẹ sílẹ̀," ni Àlàájì wí.

Délé tó dúró tì wá ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ fi tèmi náà sí i."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló ga jù.

Nítorí pé mo ka ara mi sí ọ̀gá, mo ní kí Délé jẹ́ kí n kọ́ ọ. Inú fáànù ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ́ ọ, bí a bá ń gbé ọjà lọ. Mo sọ fún un pé kọ́nà kan kì í ṣe nǹkan yíyí lásán: láti ìta ni wàá ti wọ̀ ọ́, wàá fi ara kan etí inú, wàá sì jáde sí ìta padà, nítorí ọ̀nà tó tọ́ jù nìyẹn, eré kò sì ní dínkù. Mo gba sitiárìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè fi hàn án. Ẹnìkan ti to abọ́ tánganran sí etí inú kọ́nà tí mo yàn ní Ìdúmàgbò. Mo fi ara kàn án gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lójú títì.

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?" Obìnrin tó ni abọ́ ti di ilẹ̀kùn fáànù mú. "Gbogbo títì fẹ̀ báyìí, àtẹ mi lo wá rí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù."

"Sí ọ̀run!" ló dáhùn. "Ọ̀nà tó yá jù sí ọ̀run ni!"

Èmi àti Délé wà lórí eékún tí à ń ṣa abọ́ ni Délé bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bọ̀dá Akọ̀wé, ìta, inú, ìta. Àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ò ka ìwé kankan. Mo rántí ìyẹn dáadáa.

Kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ẹgbẹ́ ti yọ àwọn yòókù tó fi orúkọ sílẹ̀ kúrò, àwọn kan nítorí pé ojú wọn kò ríran dáadáa, àwọn kan nítorí pé wọn ò ní ìwé ìwakọ̀. Ó ku èmi àti Délé. Ojú ọ̀nà tuntun kan létí ọ̀sà, tí wọn kò tíì ṣí fún ọkọ̀, ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Mo ti rán aṣọ kan fún ọjọ́ náà, kákí tó ṣe ṣòkòtò àti ẹ̀wù pọ̀, tó fún mọ́ra bí ti inú àwòrán. Télọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, mo ní rárá, atẹ́gùn á kó sí i, eré á dínkù. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, tí mo dọ̀bálẹ̀ kí Àlàájì, aṣọ náà ya láti ìdí dé agbedeméjì ẹ̀yìn. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn olóòótọ́ ènìyàn ń lọ gbàdúrà, èmi dúró létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi níbi tí kò yẹ kó fẹ́ sí. Délé bọ́ síwẹ́tà rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí. Mi ò tíì dárí oore yẹn jì í títí dòní.

Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló di aago mú. Ó sọ òfin, Àlàájì sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. "Ìyípo mẹ́ta. Èmi á wà nínú mọ́tò tèmi níwájú, n óò máa falẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó lè kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ láìsí ìpayà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọjá mi kí ìyípo kẹta tó parí. Ẹni tí kò bá kọjá mi, ó ti já nìyẹn. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé wa. Kò sí ẹni tí ó yé tó èmi. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo ti kà nípa bí a ti ń kọjá ọkọ̀ nìkan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ pupa kékeré tí kò ní òrùlé, ó wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè na ọwọ́ fi kan ọ̀dà. N óò sọ òtítọ́ fún yín, ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu: ìyípo kìíní yẹn, mo wa ọkọ̀. Ìta, inú, ìta. Gìgísẹ̀ mi mọ ibi tí tọ́tù wà, bí ẹni pé bíríkì Lafiaji ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, omi ọ̀sà ń sá lọ lápá òsì mi, mo sì gbọ́ tí òyìnbó náà pariwo "Good!" bí mo ti ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì mọ adùn kan láyé tó tó ìyẹn. Mo ti di ẹni tí mo fẹ́ dà.

Ní ìyípo kejì, mo lé Àlàájì bá.

Ṣe ni mo rí fìlà funfun rẹ̀ nínú gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, mo sì rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tọ́tù fúnra rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ní kó kúrò. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í gba iwájú àgbà kọjá. Ìgbà kan wà tí mo sáré kọjá níwájú ọ̀rẹ́ bàbá mi tó jókòó, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó wà níwájú mi yìí ló gbà mí síṣẹ́, òun ló gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń lù mí. Kí n wá fọn eruku sí i lójú?

Àlàájì yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó jù ú síwájú: kọjá. Mo mọ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé tí àgbà á ní "Máa lọ níwájú" lẹ́ẹ̀kan tó sì máa lọ? Bí àgbà bá ní kí o wá jẹun, o ó kọ́kọ́ ní "Àgbàbọ̀ o." Mo tẹrí ba lẹ́yìn sitiárìn, mo kígbe nínú atẹ́gùn pé, "Rárá, sà! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ!"

Ó jùwọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi ọwọ́ kan àyà, mo tún tẹrí ba. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe wọ ìyípo kẹta, tí à ń ṣe ọ̀wọ̀ fún ara wa, òyìnbó ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí èèrà ta. Kọ́nà tó kẹ́yìn ló kù. Àlàájì yọ ọwọ́ dé èjìká, ó na ìkúùkù sí mi. Ọkàn mi bàjẹ́ pé mo ti mú àgbà bínú. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi bẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ méjèèjì. Lórí kọ́nà.

Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo kọ lù. Ọ̀kan yí lọ bọ́ sínú ọ̀sà. Ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó dúró. Ọkọ̀ náà kàn họ lára díẹ̀, ó fi ìdí yí, ó sì kọjú sí ibi tí mo ti wá. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ì bá sàn kó ṣe mí.

Ó kan Délé. Kí ìyípo kìíní tó parí ló ti dé ẹ̀yìn Àlàájì. Ó fun fèrè fáàà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó gba ìta, ó gba inú, ó sì kọjá pẹ̀lú eré tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà Àlàájì fi fò sí ìjókòó ẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Nígbà tó parí, ó fò jáde, ó sáré lọ nà gbalaja sórí ọ̀dà níwájú mọ́tò Àlàájì. "Ẹ forí jì mí, sà! Mo ti ṣàfojúdi!"

Àlàájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. "Dìde, òṣómàáló! Dìde, o ti gbà á!"

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lórí dúrọ́ọ̀mù kan. Kò pariwo. Ì bá pariwo.

"Akọ̀wé, òyìnbó yẹn ló yẹ kó wa mọ́tò iwájú. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wà á. O mọ ìdí rẹ̀? Mo ní bí Akọ̀wé bá rí òyìnbó níwájú, àyà rẹ̀ lè já. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, ẹni tirẹ̀ ni mí, á kọjá mi wẹ́rẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún síwẹ́tà Délé so mọ́ ìdí.

"Mo nawọ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Mo rí i, sà."

"O rí i?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

"Ọ̀wọ̀!" Ó mi orí. "Ta ló kọ́ ọ pé kéèyàn ṣàìgbọràn sí àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀?"

Délé kò padà sí ìdí fáànù mọ́. Ó lọ sáré fún wọn lókè òkun, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àlàájì gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó fi sínú férémù, ó gbé e kọ́ sókè orí tábìlì mi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí i dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, èmi ni mo ń nu eruku ojú rẹ̀. Bí oníbàárà bá bi mí pé ta nìyẹn, mo máa ń sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Wọn á wo àwòrán, wọn á wo bírò tó wà létí mi, wọn á sì ní kí n bá àwọn gbé táyà mẹ́rin jáde.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn. Dídọ̀bálẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, ṣíṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe náà sì ní tirẹ̀. Délé mọ èyí tó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe. Èmi to méjèèjì lódìkejì, mo sì fi ayé mi san án. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí bí ẹni tó kàn fẹ́ràn eré ọkọ̀ ṣe lè di ẹni tó ń fi í jẹun, mo lè ṣàlàyé ti kọ́nà fún un, mo lè ṣàlàyé ti gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí n óò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ní kí o kọjá, kọjá.

Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi àti Àlàájì jọ lọ sí báńkì kan ní Marina. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ọ̀pá júwe iwájú fún mi. "Ó yá, Akọ̀wé. Wọlé."

Mo gbé ẹsẹ̀. Lóòótọ́ ni mo gbé e. Ó kàn kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ síwájú ni.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú, sà," ni mo wí.

Àlàájì wo ojú mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wà lókè. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú ikùn, ó rín in títí ikọ́ fi mú un, mẹ́gàádì sì sáré wá dì í mú. Èmi náà rín in, mo rín in títí omi fi dà lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí irú omi tó jẹ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó wọlé. Mo tẹ̀ lé e.